Ìtutù Inú Fíríìjì Ilé àti Ààbò Oúnjẹ: Àwọn Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Ń Bèèrè Léraléra

Báwo ni ó ṣe yẹ kí inú fíríìjì tutù tó?

Ìwọ̀n 4°C ni ó yẹ kí ó wà, tàbí kí ó fi díẹ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó má dé 0°C tí omi ti ń dì. Fírísà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní -18°C. Orí ìwọ̀n méjì yìí ni gbogbo ìdáhùn tí ó tẹ̀ lé e dúró lé, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ wọ́n sórí ìwé kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn fíríìjì.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ 4°C?

Àwọn kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń fa inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, a máa pọ̀ sí i kíákíá nígbà tí oúnjẹ bá wà láàárín 5°C sí 60°C. Níbi tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó sì bá wọn lára mu, àwọn mìíràn nínú wọn lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Bí ẹyọ kan bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán tí ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, yóò ti di 4,096 nígbà tí aago mẹ́rin bá lù. Ilé ìdáná wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù kì í sábà tutù ju 25°C lọ lọ́sàn-án, ó sì lè lé ní 32°C ní oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà.

Ẹ fi sọ́kàn pé ìtutù kì í pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fà wọ́n sẹ́yìn kí wọ́n má baà pọ̀ kíákíá. Nígbà tí oúnjẹ bá tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ wọn dé ni wọn yóò ti máa bá a lọ, kódà bí ó bá jẹ́ pé inú fírísà ni oúnjẹ náà ti wá.

Nọ́ńbà 1 sí 7 tí ó wà lára ohun tí a ń yí nínú fíríìjì, ṣé dígírì ìtutù ni?

Rárá o. Àṣìṣe tí a ń bá pàdé jù lọ nìyí: ẹnì kan yóò yí i sí 4, yóò sì gbà pé inú fíríìjì òun ti wà ní 4°C. Nọ́ńbà náà kàn ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa ṣiṣẹ́ tó ni, lára ọ̀pọ̀ fíríìjì sì ni ó jẹ́ pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ìtutù ṣe ń pọ̀ tó. Nọ́ńbà tí ó tó nígbà ọyẹ́ lè máà tó rárá nígbà ooru.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìwọ̀n ìtutù rẹ̀ ní pàtó?

Ẹ ra tẹmọ́mítà tí wọ́n ṣe fún fíríìjì. Ẹ má ṣe lo èyí tí a fi ń wo ibà ọmọ, kò lè ka ìtutù tí ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ ti tẹmọ́mítà náà bọ inú omi, ẹ gbé e sí àárín pẹpẹ àárín, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹ kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn. Ìdí tí a fi ń lo omi ni pé afẹ́fẹ́ inú fíríìjì a máa yí padà ní kété tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ṣùgbọ́n omi, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, kì í tètè yí padà. Ní ti fírísà, àárín àwọn ẹran dídì ni kí ẹ ki tẹmọ́mítà bọ̀.

Bí ó bá ju 4°C lọ, ẹ fi nọ́ńbà kan kún un, ẹ dúró fún wákàtí 24, kí ẹ tún kà á. Ẹ tún wò ó ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣí i ṣáá tí ooru sì mú.

Ṣé n kò lè fi ọwọ́ kàn án lásán kí n fi mọ̀?

Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Omi tí ó wà ní 10°C yóò tutù lọ́wọ́, yóò sì dùn ún mu gan-an lẹ́yìn oòrùn ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tí ó wà ní 10°C kan náà ti ń bàjẹ́ lọ ní tirẹ̀. Owó tẹmọ́mítà kò tó owó ẹran tí ẹ ó dà nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Apá ibo ni ó yẹ kí n kó oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sí?

Ara ilẹ̀kùn ni ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù, nítorí òun ni ó máa ń jáde síta nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i. Omi ìgò àti mínírà ni kí ẹ tò síbẹ̀, kí ẹ sì gbé mílìkì, wàrà àti ẹyin sórí pẹpẹ inú. Ẹran tútù àti ẹja tútù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú abọ́ tí ó ní ìdérí, kí omi ẹ̀jẹ̀ wọn má baà kán sínú oúnjẹ tí a ti sè.

Fíríìjì mi ń dún, iná inú rẹ̀ ń tàn, síbẹ̀ kò tutù tó. Kí ni ó lè fà á?

Ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, kí ẹ wá fà á. Bí ó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdi ọwọ́ yín mú rárá, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ibẹ̀ wọlé nìyẹn. Ẹ dán an wò yí gbogbo etí ilẹ̀kùn ká. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí àti ọ̀rá ni kò jẹ́ kí rọ́bà lẹ̀ mọ́ ara, omi ọṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò sì tún un ṣe. Bí rọ́bà bá ti là tàbí tí ó ti le koránkorán, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn. Ooru tí fíríìjì fà jáde kúrò nínú oúnjẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń dà á sí. Bí ẹ bá tì í mọ́ ògiri, tàbí bí eruku ọyẹ́ bá ti bo àwọn irin ẹ̀yìn rẹ̀, ooru yẹn kò ní rí ọ̀nà lọ. Ẹ fi àyè bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná kí ẹ tó gbá eruku rẹ̀, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tàbí síbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tí ń ta píọ̀ wọ́tà àti mínírà nílé fi etí sílẹ̀ gbọ́. Fíríìjì kan náà tí ẹ ń kó ọjà sí ni ọbẹ̀ àti ẹran ilé wà, àwọn oníbàárà sì ń jẹ́ kí ẹ ṣí i láti àárọ̀ di alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ sì ń kó odidi àpò píọ̀ wọ́tà tí kò tíì tutù wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí fíríìjì ilé tí ó lè dúró ní 4°C lábẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ti ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ti oúnjẹ, kódà bí ti oúnjẹ bá kéré.

Iná tí kò lágbára náà ń dá kún un. Fóòtì 230 ni fíríìjì wa ń retí. Bí ó bá lọ sílẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́, kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ti gáàsì tí ń mú fíríìjì tutù káàkiri, yóò máa kùn láìlè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí gbogbo èyí bá dára, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti jò. Kí ẹni tí ó wá tún un ṣe wá ojú ibi tí ó ń jò rí, kí ó dí i, kí ó tó rọ òmíràn. Bí ẹ bá rí R600a lára ẹ̀rọ náà, gáàsì inú rẹ̀ a máa gbiná, nítorí náà iná kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí.

Mo fẹ́ ra Tòkunbọ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ wo páálí kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà SN tàbí N túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 32°C lọ. ST dé 38°C, T sì dé 43°C. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti ilẹ̀ olótùútù wá jẹ́ SN tàbí N, ìyẹn ni kì í fi í tó nígbà ooru wa. T tàbí ST ni kí ẹ wá. Ẹ tún rí i dájú pé kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tí ń lo fóòtì 110 sí 120, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ń tà á kí ó tàn án fún wákàtí mélòó kan pẹ̀lú tẹmọ́mítà nínú kí ẹ tó san owó.

Yìnyín ti bo inú fírísà mi. Ṣé kì í ṣe àmì pé ó tutù dáadáa ni?

Òdìkejì rẹ̀ ni. Yìnyín tí ó nípọn dà bí aṣọ òtútù tí a fi bo irin tí ń mú nǹkan tutù, ìtutù kò sì ní tètè dé ara oúnjẹ mọ́. Nígbà tí ó bá ti nípọn tó mìlímítà 6, ẹ pa á, ẹ kó oúnjẹ sínú kúlà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ; ihò kékeré kan lára irin yẹn ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì?

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí sítóòfù di ọjọ́ kejì kí ó lè tutù tán. Àṣà yìí ni mo kà sí èyí tí ó léwu jù nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe nílé ìdáná. Àárín ìkòkò ńlá a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti tutù, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn kòkòrò àrùn ń fẹ́.

Òótọ́ ni pé odidi ìkòkò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná yóò mú kí oúnjẹ yòókù inú fíríìjì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nítorí náà, ẹ pín ọbẹ̀ sínú àwọn abọ́ tí kò jìn, kí ó má ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta tí a tò léra lọ. Ẹ gbé àwọn abọ́ náà sínú ọpọ́n omi tútù, ẹ máa rò ó. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ẹ dé e, ẹ gbé e wọ fíríìjì. Láti ìgbà tí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru ọjọ́ náà bá lé ní 32°C, wákàtí 1 péré ni.

Ìrẹsì ọ̀fadà tí a pọ́n sínú ewé ń bẹ lábẹ́ òfin yìí náà. Ewé yẹn a máa pa ooru mọ́, kí ẹ tú u kí ó lè tètè tutù.

Ìkọ́kọrẹ́ àná ni mo fẹ́ràn, ní tútù, pẹ̀lú ẹ̀bà. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Bí ìkọ́kọrẹ́ náà bá wọ fíríìjì láàárín wákàtí 2 tí ẹ sè é, nínú abọ́ tí kò jìn, tí fíríìjì náà sì wà ní 4°C ní gbogbo òru, ẹ lè jẹ ẹ́ ní tútù lọ́jọ́ kejì. Èyí tí ó sùn sínú ìkòkò lórí sítóòfù kò yẹ ní jíjẹ ní tútù, nítorí ewùrà rẹ̀ nípọn, kì í tètè tutù dé inú, ẹja àti edé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ìdáhùn tí ó gbẹ̀yìn bí aláboyún bá wà nílé.

Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo máa ń gbé ọbẹ̀ kaná. Ṣé ìyẹn kò tó dípò fíríìjì?

Àwọn ìyá wa fi àṣà yìí tọ́ wa dàgbà, kì í sì í ṣe àṣà asán, nítorí ọbẹ̀ tí ó hó dáadáa ń pa ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí híhó kò lè ṣe.

Èkíní ni pé àwọn kòkòrò kan máa ń fi èèpo líle bo ara wọn, tí omi híhó kì í sì í pa wọ́n. *Clostridium perfringens* tí ó fẹ́ràn ọbẹ̀ ẹran àti ẹ̀wà wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni *Bacillus cereus* tí ó fẹ́ràn ìrẹsì. Nígbà tí oúnjẹ bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ láàárín àárọ̀ sí alẹ́, wọ́n a jí, wọ́n a sì máa bí sí i.

Èkejì ni pé àwọn mìíràn ń da májèlé sínú oúnjẹ, májèlé náà kò sì bẹ̀rù iná. *Staphylococcus aureus*, tí ó ń gbé ní imú àti lára awọ ènìyàn, ń ṣe irú rẹ̀, *Bacillus cereus* náà sì ń ṣe é nínú ìrẹsì. Ẹ lè pa kòkòrò náà tán kí májèlé rẹ̀ ṣì kù síbẹ̀. Èyí ni ó ń mú kí ẹni tí ó jẹ ìrẹsì gbígbóná fẹlifẹli bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí mélòó kan, tí yóò sì máa bi ara rẹ̀ léèrè bí oúnjẹ tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣe é. Níbi tí kò bá sí iná, ìwọ̀nba tí yóò tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ máa sè.

Ọjọ́ mélòó ni oúnjẹ lè lò nínú fíríìjì tí ó wà ní 4°C?

Oúnjẹ tí a ti sè, ìbáà ṣe ọbẹ̀, ìrẹsì, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí ẹ̀bìrìpò, ọjọ́ 3 sí 4. Ẹja tútù àti adìyẹ tútù, ọjọ́ 1 sí 2. Ẹran màlúù tàbí àgbò tútù tí a gé, ọjọ́ 3 sí 5. Bí fíríìjì bá ju 4°C lọ, ẹ má ṣe lo àwọn iye yìí rárá.

Ẹran Iléyá pọ̀. Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàjẹ́?

Ní ọdún kan, èmi tí mo ń kọ èyí kó itan àgbò méjì àti egungun ìhà rẹ̀ wọ fírísà ní ọ̀sán ọjọ́ Iléyá, mo sì pa á dé pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí a ṣí i láti se oúnjẹ fún àwọn àlejò Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta, ìta ẹran náà ti dì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀, lẹ́bàá egungun, ti ń rùn. Ó dùn mí gan-an, nítorí iná kò lọ rárá láàárín ọjọ́ náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ṣì gbóná bí ara ẹranko, nǹkan bí 39°C. Odidi itan kì í tètè tutù dé inú, ẹran púpọ̀ tí a sì tò léra a máa gbóná ara wọn. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ kó o sínú náílọ̀n pẹlẹbẹ tí kò nípọn, ẹ tẹ́ wọn síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọn yóò fi dì, lẹ́yìn náà ni ẹ lè tò wọ́n léra. Ẹ yí fírísà sí ìtutù tí ó pọ̀ jù láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ tètè pín ti sàárà àti ti àwọn ará ilé kí ó tó di ọ̀sán, kí ẹ sì dín tàbí yan èyí tí fírísà kò lè gbà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú un yọ́, inú fíríìjì ni kí ó ti yọ́ láti àná, tàbí kí ẹ dì í sínú náílọ̀n tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù tí ẹ ń pààrọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó má ṣe sùn sórí tábìlì.

Ẹja tí mo rà ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, àti òkú Èkó?

Ẹ gbé kúlà àti yìnyín dání lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìrìn àjò padà sí Ìjẹ̀bú-Òde nínú ọkọ̀ gbígbóná ti tó láti ba ẹja jẹ́. Ní ọjà Òkè-Ajé tàbí ní ọjà Ṣàgámù, ẹ ra òkú Èkó gbẹ̀yìn, nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé, kí ẹ sì yan èyí tí ó ṣì dì gbagidi.

Títú àti sáwá ní ewu tiwọn lọ́tọ̀. Bí wọn kò bá tutù tó, ohun kan tí ń jẹ́ histamine a máa pọ̀ lára wọn, tí yóò mú kí ojú ẹni tí ó jẹ ẹ́ pọ́n, kí ara máa yún un, kí orí sì máa fọ́ ọ. Sísè, dídín, yíyan àti dídì kò lè mú un kúrò.

Wọ́n ti mú iná lọ. Wákàtí mélòó ni mo ní?

Fíríìjì tí ó wà ní 4°C tí a kò sì ṣí, wákàtí 4. Fírísà tí ó kún, wákàtí 48. Èyí tí ó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Bí fíríìjì yín bá ti wà ní 9°C kí iná tó lọ, ẹ kò ní wákàtí 4 kankan.

Iná kì í pẹ́ ní àdúgbò wa. Ṣé fíríìjì ṣì wúlò?

Ètò tí NERC, àjọ tí ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, fi lélẹ̀ ni pé kí Band A, ìsọ̀rí àwọn oníbàárà tí iná wọn pọ̀ jù, rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Ẹ fi èyí wé wákàtí 4 tí fíríìjì lè fi dúró. Ilé tí ó wà ní Band D lè wà láìní iná fún wákàtí 16, nítorí náà fíríìjì lásán kò lè pa ẹran tútù mọ́ fún un.

Ohun tí mo máa ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ níyànjú ni pé kí wọ́n gbé ọkàn lé fírísà tí ń ṣí láti òkè, nítorí òtútù kì í dà jáde nínú rẹ̀ bí ti èyí tí ń ṣí láti iwájú. Kí wọ́n fi ike omi kún gbogbo àyè tí ó ṣófo. Nígbà tí iná bá lọ, kí wọ́n kó díẹ̀ nínú ike dídì náà sínú fíríìjì tàbí sínú kúlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Tẹmọ́mítà ni yóò sọ bóyá ó tó. Kí wọ́n sì máa ra ẹran ní ìwọ̀nba. Ẹja yíyan gbígbẹ kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń gbé fíríìjì. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Bí iná bá lọ tí ó sì dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tan fíríìjì, kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè sinmi. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ní gáàsì tí kò lóòórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹran inú fírísà ti yọ́. Ṣé mo lè jẹ́ kí ó tún dì?

Bí yìnyín bá ṣì wà lára rẹ̀, tàbí tí tẹmọ́mítà fi hàn pé kò ju 4°C lọ, ẹ lè jẹ́ kí ó tún dì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn rẹ̀ yóò dín kù. Bí ó bá ti ju 4°C lọ fún wákàtí 2, ẹ dà á nù.

Mo rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá iná lọ pẹ́ nígbà tí n kò sí nílé?

Kí ẹ tó lọ, ẹ gbé ife omi sínú fírísà títí yóò fi dì, kí ẹ wá fi owó irin kan lé orí rẹ̀. Bí ẹ bá padà tí owó náà ti wà ní ìsàlẹ̀ ife, omi náà ti yọ́ kí ó tó tún dì, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí oúnjẹ kò bá rùn tí kò sì kan, ṣé kò ti dára náà nìyẹn?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ń mú oúnjẹ rùn àti àwọn tí ń mú ènìyàn ṣàìsàn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Oúnjẹ lè ní èyí tí ń pani lára kí òórùn rẹ̀ máa ta sánsán. Nítorí náà, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò láti fi mọ̀.

Èyí tí ó le jù nínú wọn ni *Listeria*, nítorí ó lè máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú fíríìjì tí ó wà ní 4°C pàápàá, ìdí nìyí tí oúnjẹ tí a ti sè kò fi gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 4 lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè máà mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè ba oyún jẹ́, àìsàn rẹ̀ sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó hàn. Kí aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá má ṣe jẹ oúnjẹ àná ní tútù, ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n gbé e kaná títí yóò fi hó látòkè délẹ̀, kí wọ́n sì rò ó kí àárín rẹ̀ lè gbóná bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.